Bí mo ṣe kun Willys mi láti inú

Bọ́dì ọkọ̀ rímóòtù àkọ́kọ́ tí mo rà, kò tó wákàtí kan tí mo fi bà á jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń to ọkọ̀ oníke kéékèèké, àwọn tí wọ́n ṣe ní ìdá kan nínú 25 ọkọ̀ gidi, ọwọ́ mi sì ti mọ́ iṣẹ́ náà: fàdákà lákọ̀ọ́kọ́, pupa lé e lórí, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń mú ara dán gbẹ̀yìn. Ìgbà tí mo wá gbé bọ́dì ọkọ̀ rímóòtù, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ náà ló ṣe. Mo fín fàdákà sí inú rẹ̀, mo fín pupa tẹ̀ lé e, mo yí i padà kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Fàdákà ràkọ̀ràkọ̀ ni mo rí. Pupa wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, àfi ẹni tó bá dojú ọkọ̀ náà dé ló lè rí i.

Polycarbonate ni wọ́n fi ń ṣe irú bọ́dì bẹ́ẹ̀, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara. Inú ni wọ́n ti ń kùn ún, kó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá tàkìtì, ike ni ilẹ̀ máa ha, kò ní kan ọ̀dà. Ọ̀dà tí o bá kọ́kọ́ fín ni ojú máa rí. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ o. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Willys ọdún 1941 ni mo fẹ́ ṣe. Ọkọ̀ kékeré tí kò wúwo ni, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ní Amẹ́ríkà fi fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, wọ́n á ki èyí tó lágbára bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé imú rẹ̀ sókè, kí ìwúwo lè sún sẹ́yìn nígbà tó bá ta kìjí, kí táyà ẹ̀yìn sì di ilẹ̀ mú. Gasser ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, torí epo pẹtiróòlù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní gas, ni ìpele tí wọ́n ti ń díje dá lé nínú òfin NHRA, ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ tí Wally Parks dá sílẹ̀ ní 1951. Ẹsẹ̀ bàtà 1,320 ni wọ́n ń sá, ọkọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní tààrà. Àwa tí tiwa jẹ́ ìdá kan nínú 10, ẹsẹ̀ bàtà 132 ni tiwa. Èyí tó wọ̀ mí lójú jù nínú àwọn gasser náà ni Willys pupa ti “Big John” Mazmanian. Pupa yẹn kì í ṣe pupa lásán. Candy ni wọ́n ń pè é: ọ̀dà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bíi gíláàsì aláwọ̀, tí yóò kan ohun tó ń dán lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì padà jáde. Ẹni tó ń kun ọkọ̀ gidi máa kọ́kọ́ tẹ́ ohun tó ń dán náà sílẹ̀. Tèmi gbọ́dọ̀ dojú dé: candy ni kó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ike, fàdákà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú lẹ́yìn fàdákà.

Mo ra bọ́dì kejì. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ inú rẹ̀, torí ọ̀rá tó bá kù nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ ọn. Mo gbé e lé ṣásí nígbà tó ṣì mọ́ gaara, mo rí ibi tí àwọn òpó tó ń gbé bọ́dì dúró wà, mo fi máákà sàmì sí i, mo sì lu ihò wọn. Ẹni tó bá kun ọ̀dà tán kó tó ṣe èyí, àbá ló máa fi dá a. Mo lẹ téèpù mọ́ fèrèsé láti inú, mo fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún polycarbonate nìkan ni mo lò. Ọ̀dà agolo lásán yóò lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí bọ́dì bá ti kọlu nǹkan tó sì tẹ̀, ńṣe ni yóò máa bó. Mo ri agolo tèmi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kí ọ̀dà lè jáde wẹ́wẹ́, mo bo imú mi, mo sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Ibi tí candy ti ń dáni lágara nìyí. Gbogbo ìgbà tí o bá fín in ló ń dúdú sí i, ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì yóò sì hàn bí àbàwọ́n. Mo fín in fẹ́rẹ́ báyìí, mo dúró kó gbẹ, mo gbé bọ́dì sókè síwájú iná, mo wo ibi tí pupa ti fẹ́lẹ́. Òrùlé ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣì dà bí omi tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí. Ìgbà márùn-ún ni mo fín in kó tó dọ́gba, ìkẹrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi jà: mo sún mọ́ ọn jù lẹ́bàá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà bá yọ́ gba abẹ́ téèpù wọ inú gíláàsì iwájú. Mo fi igi ìtayín ha á kúrò kó tó gbẹ tán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò ṣì rí i.

Fàdákà kò gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, dúdú ẹ̀ẹ̀kan, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa gba ẹ̀yìn wọlé.

Ihò afẹ́fẹ́ tó yọ sókè lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo fi ike pẹlẹbẹ gé e, tí mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí mo fi sáńpépà yún un. Ìta ni mo ti kun ìyẹn, fàdákà sì ni. Inú ọwọ́ mi dùn pé a ti padà sílé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bó láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ìta bọ́dì, tó ti gba gbogbo eruku ọ̀dà sára. Ohun tó jáde lábẹ́ rẹ̀ mú kí n gbé e lọ sójú fèrèsé, kí n máa yí i kiri fúngbà díẹ̀, láìṣe nǹkan kan.

Mo gé etí rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu kíkọ́, mo fi gọ́ọ̀mù àti aṣọ àwọ̀n ki ibi tó yí táyà ká láyà láti inú, mo gbé e lé ṣásí, mo lọ sá ẹsẹ̀ bàtà 132 àkọ́kọ́. Imú gbéra, ìdí rẹlẹ̀, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ha bọ́dì. Ó di dandan kí n tún gé e. Ohun tó já sílẹ̀ kò ju fífẹ̀ okùn bàtà lọ: ojú kan pupa tó ń dán, ojú kejì dúdú bí èédú. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agolo fàdákà, kí ọwọ́ mi lè rí i nígbà mìíràn.