Ọ̀gà Kì í Mu Omi Inú Abọ́

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ra ọ̀gà kan níjẹta. Ó ti dúdú bí èédú, kò jẹun, ó kàn dijú síbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?" Màá ní kí wọ́n ya fọ́tò ilé ọ̀gà náà, ìyẹn alágẹmọ, ránṣẹ́. Tí fọ́tò bá dé, ọ̀gà kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ilé ni. Gbogbo àìsàn tí wọ́n fẹ́ kí n wá oògùn sí ti wà níbẹ̀ kedere: abọ́ omi gbàǹgbà nísàlẹ̀, gílóòbù pupa lókè, òdòdó oníke mẹ́fà, òkúta oníná kan tó ń gbóná láàárín, igi ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀ tuntun, gbogbo ẹ̀ wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀gà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rà fún òun.

Wọ́n ní alágẹmọ ti bímọ ẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ó dáa, ẹ wá kọ́ ijó, torí èmi náà ti ṣubú lójú agbo tó. Mi ò ní í ṣàlàyé ohun tí ìrẹ̀ jẹ́, tàbí ìdí tí a fi ń da calcium sí i lára kí ọ̀gà tó jẹ ẹ́. Ẹni tó ti ra ọ̀gà láì mọ ìyẹn, kó kọ́kọ́ lọ kàwé ná.

1. Ríra ọ̀gà kí ilé tó dúró. Ọ̀gà ti dé nínú páálí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá nọ́ọ̀tì àti bóòtù kiri ilẹ̀. Ẹ to ilé, ẹ tan iná, ẹ fọ́n omi, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láì sí ẹranko nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ibi tó yẹ kó gbóná ló ń gbóná. Tẹmọ́mítà tó ní wáyà tín-ín-rín ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé ẹnu wáyà náà sí ibi tí ẹ̀yìn ọ̀gà máa wà gan-an. Àwọn roboto tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, mo ní mẹ́ta rí. Mo lẹ̀ wọ́n sójú kan náà, oníkálukú ń sọ tiẹ̀. Mo wá mú ti àárín, bí àgbà tó ń parí ìjà.

2. Ilé tó há, tàbí àpótí gíláàsì tí wọ́n fi sin ẹja rí. Veiled, irú ọ̀gà tó wá láti Yemen àti Saudi Arabia, àti panther, irú mìíràn tó jẹ́ ará Madagascar, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà. Tí wọ́n bá dàgbà, ilé tó fẹ̀ ní 60 cm, tó jìn ní 60 cm, tó sì ga ní 120 cm ni kí ẹ fojú sí. Gíga yẹn ṣe pàtàkì jù, torí òkè ni ọ̀gà ń gbé. Nẹ́ẹ̀tì ni kó yí i ká. Nínú àpótí ẹja, atẹ́gùn kì í rìn, ọ̀gà sì máa ń rí òjìji ara ẹ̀ lára gíláàsì, á rò pé ọ̀gà mìíràn ló fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Á fi gbogbo ọ̀sán wú, á máa halẹ̀ mọ́ ara ẹ̀. Àwọn kan wà níbi tí òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti pọ̀ tí wọ́n ń lo gíláàsì tó ní ojú atẹ́gùn nísàlẹ̀ àti lókè, ó sì ń bá wọn ṣe. Àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

3. Gbígbé ilé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti òkè bọ̀, àṣá ni lójú ọ̀gà. Ẹ gbé e ga títí ẹ̀ka tó wà lókè pátápátá á fi ga ju orí yín lọ.

4. Omi. Ẹ jókòó, torí èyí máa pẹ́.

Ọ̀gà mi àkọ́kọ́, akọ veiled kan ni. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ìsun omi oníná ni mo rà fún un: òkúta àtọwọ́dá tí omi ń ṣàn ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ lára ẹ̀, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fà á padà sókè. Owó ẹ̀ ju owó ọ̀gà lọ. Mo máa ń pe àwọn ènìyàn wá wò ó. A ó jókòó síwájú ẹ̀, omi á máa dún, inú mi á máa dùn. Ọ̀gà nìkan ni inú ẹ̀ kò dùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú ẹ̀ méjèèjì ti jìn sínú. Ìgbẹ́ ẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò kàn gbọ́ èdè ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín. Apá méjì ni ìgbẹ́ ọ̀gà ní: èyí tó dúdú, àti èyí tó funfun, tó jẹ́ ìtọ̀ ẹ̀ tó ti dì. Tí funfun yẹn bá funfun lóòótọ́, kódà bí ṣóńṣó funfun náà bá pọ́n díẹ̀, omi tó lára ọ̀gà. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti di àwọ̀ ọsàn, òùngbẹ ti ń pa á. Ti Ọ̀gá ti di àwọ̀ ọsàn láti ọjọ́ kẹta. Èmi rò pé irú ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó gba ẹ̀mí ẹ̀ là, èèṣì ni. Mo ń fi ike sípíréè fọ́n omi sí ewéko kan tó wà lójú fèrèsé, omi ta sára nẹ́ẹ̀tì, ó sì kán sórí àwọn ewé inú ilé ọ̀gà. Ọ̀gá tó ti dijú láti àárọ̀ yí ojú kan sọ́dọ̀ ewé, ó yí ìkejì tẹ̀ lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ìdúró, ẹsẹ̀ kan, títí tó fi dé ìdí ewé náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi ibẹ̀. Ó mu, ó gbé orí sókè, ó gbé mì, ó tún mu. Gbogbo ìgbà tó fi ń mu ún, èmi dúró síbẹ̀, ike lọ́wọ́, mò ń fọ́n omi, ìsun omi olówó iyebíye ń ṣàn ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ojú tì mí.

Ìrì àti òjò orí ewé ni ọ̀gà ń mu nínú igbó. Ẹ̀kán omi tó ń dán, tó ń mì, ni ojú ẹ̀ mọ̀ sí omi. Abọ́ tó dákẹ́ nílẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹ̀. Ìsun omi sì tún burú ju abọ́ lọ: ìrẹ̀ á kú sínú ẹ̀, ìgbẹ́ á já sínú ẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa gbé omi kan náà yí po. Nígbà tí mo tú tèmi láti fọ̀ ọ́, òórùn tó jáde lé mi síta.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò gba owó. Ẹ fọ́n omi sórí ewé láàárọ̀ kùtùkùtù kí iná tó tàn, kí ẹ tún fọ́n ọn lálẹ́ tí iná bá ti kú. Lọ́sàn-án, ẹ gba ike kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìdí ẹ̀, ẹ gbé e sórí nẹ́ẹ̀tì òkè kí omi máa kán sórí ewé díẹ̀díẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé nǹkan sábẹ́ tó máa gba omi náà. Tí ẹ bá lówó ẹ̀rọ afọ́nmi tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ rà á, ó dáa. Ẹ kàn wo ibi tí ẹnu ẹ̀ kọjú sí. Èmi fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fọ́n omi sí ògiri.

Mo mọ̀ yín. Ẹni tó bá ka ibí yìí máa lọ sọ ilé ọ̀gà di ẹrẹ̀ lọ́la. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ìgbà méjì tí ẹ bá fọ́n omi. Lọ́sàn-án, ọ̀rinrin bí 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún veiled. Alẹ́ ló lè ga ju 80 lọ, torí ilé ti tutù nígbà yẹn. Ibi tó gbóná, tó kún fún ọ̀rinrin, tí atẹ́gùn kò sì rìn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ ń sè níbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ kí ó máa dún pá, pá, tó bá ń mí, itọ́ ẹ̀ á ki, á máa gbé orí sókè, á lanu sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ gílóòbù nìkan ló ti ń lanu, ooru lè ti pọ̀ jù fún un níbẹ̀, ó ń tu ara ẹ̀ ni. Tó bá ń lanu lálẹ́, dókítà ẹranko ni kí ẹ pè, ẹ má pè mí.

5. Gílóòbù. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ra iná UVB gidi, irú iná tó ń dípò ìtànṣán oòrùn, ó sì gbé e sórí ìdérí gíláàsì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ọ̀gà ẹ̀ ti tẹ̀ bí ẹ̀ka tí wọ́n fi iná yan, eegun ti rọ̀. UVB kì í gba inú gíláàsì kọjá, ìdí nìyẹn tí oòrùn ojú fèrèsé náà kò fi ka nǹkan kan. Kò sí UVB, ara kò lè lo calcium, ẹ ì báà da ìyẹ̀fun calcium sí ìrẹ̀ títí ó fi funfun báláú. Èyí tó gùn gbọọrọ, T5, tí wọ́n kọ 5.0 tàbí 6% sí lára, ni kí ẹ rà. Èyí tó dà bí gílóòbù ilé tí wọ́n ká pọ̀ kò lè tàn dé ọ̀nà jíjìn. Agbára ẹ̀ sì máa ń tán kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó kú, nítorí náà ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún, ì báà ṣì máa tàn.

Ti ooru, 29 sí 32°C ní ibi ìyáàrùn tó fún àgbà veiled. Ọmọdé fẹ́ kó dín díẹ̀. Ẹ̀ka tó súnmọ́ iná jù lọ, kó fi bí 20 cm jìnnà sí i, torí ọ̀gà kì í tètè mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti ń jó. Lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná, títí kan pupa, títí kan búlúù. Ó ń rí wọn, kò ní í sùn. Bí yàrá kò bá tutù ju 18°C lọ, kò sí ohun tí ẹ ń gbóná fún. Òkúta oníná yẹn ńkọ́? Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rà á.

Ó yẹ kí 6 kàn, àmọ́ ohun tó kù ti wọ́ pọ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kí n kàn dà wọ́n sílẹ̀.

Igi ẹyọ kan kò tó. Ọ̀gà fẹ́ ibi tó máa sá pamọ́ sí. Tí ilé ẹ̀ bá dáa, ẹ gbọ́dọ̀ wá a díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdí tí ẹ fi rà á nìyẹn. Ewéko ààyè ni kí ẹ lò, pothos, ficus benjamina, hibiscus, kí ẹ fọ ewé wọn kí ẹ tó gbé wọn wọlé. Veiled máa ń jẹ ewé, ike tó bá sì já jẹ lè dí ìfun ẹ̀.

Ilẹ̀ ilé, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Kò sí yanrìn, kò sí èèpo igi.

Ọ̀gà méjì nínú ilé kan: rárá.

Ìrẹ̀ tí kò bá jẹ tán, ẹ kó o jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrẹ̀ tí ebi ń pa máa ń jẹ ọ̀gà tó sùn.

Tó bá jẹ́ abo veiled, ó lè yé ẹyin láì rí akọ rí, láti bí ọmọ oṣù mẹ́fà. Tí kò bá rí yanrìn tó rin díẹ̀, tó jìn tó bí 30 cm, tó lè gbẹ́, ó lè di ẹyin náà mọ́ inú kú. Abọ́ yanrìn yìí nìkan ni ohun tí mo gbà kí ẹ gbé sílẹ̀ nínú ilé, àwọn tó sì ń ra ìsun omi kì í rà á.

Èyí tó kù ni ọwọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má gbé e, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má pe àwọn ará ilé wá wò ó. Ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá tó àkókò, ẹ má ti òkè gbá a mú, ẹ má fà á já lára igi. Ẹ na ọwọ́ síwájú ẹ̀, kó gùn ún tó bá wù ú.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ní ọjọ́ kejì tí Ọ̀gá dé, mo gbé e sórí aṣọ pupa láti fi han àwọn àlejò bó ṣe máa di pupa. Ó dúdú. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó tún dúdú sí i, ó fẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, ó ń mí hííì. Àlejò kan béèrè pé ṣé aṣọ yẹn ti ń ṣá ni. Ọ̀gà kì í pa àwọ̀ dà láti bá ilẹ̀ mu. Ooru, ìbínú, ẹ̀rù, ìfẹ́ abo, àwọn ló ń pa á láwọ̀ dà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tó yẹ awọ panther wò fi hàn pé àwọn kírísítálì wínníwínní kan wà nínú awọ náà, àlàfo àárín wọn á máa fẹ̀, á máa há, àwọ̀ á sì máa yí padà, bí ara ẹranko náà bá ṣe rí. Dúdú tí Ọ̀gá dú lórí aṣọ yẹn, ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé òun padà ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ilé ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ yà á, tí mo sì rí ọ̀gà níbẹ̀ tó lajú sílẹ̀ lábẹ́ iná, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti kọ ìbéèrè sí i.