Bí A Ṣe Ń Sọ Nintendo 64 Di Géèmù Alágbèéká

Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù Nintendo 64 jáde lọ́dún 1996, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ní kó máa gbé. Síbẹ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí àwọn ṣíìpù wà lórí rẹ̀), bátìrì, sikirínì kékeré àti páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lè wọnú àpótí kan ṣoṣo tí ọwọ́ méjì lè gbé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo fara mọ́ jù: iná tó ń jẹ kò pọ̀, àyè sì wà lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ jó wáyà mọ́ (soldering). Àwọn kan máa ń fi Wii, ẹ̀rọ géèmù Nintendo mìíràn, ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gé bọ́ọ̀dù yẹn kúrú ni, ìyẹn kì í sì í ṣe ibi téèyàn ti ń kọ́ṣẹ́.

Òfin tó ga jù nìyí: lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbá géèmù díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò wá tàn mọ́, ìṣòro ibo lẹ fẹ́ wá?

Ẹ tú u. Skúrù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ ti sukurudiráfà lásán, orí 4.5 mm tí wọ́n ṣe fún un lẹ máa rà. Ẹ máa rí alumíníọ́ọ̀mù tó bo àwọn ṣíìpù. Ẹ má jù ú nù, òun ló ń gba ooru kúrò lára wọn. Ẹ má yọ Jumper Pak, ike kékeré tí wọ́n kì bọ ihò tó wà níwájú náà, torí láìsí i (tàbí Expansion Pak, èyí tó ń fi mẹ́mórì kún ẹ̀rọ náà, nípò rẹ̀) ẹ̀rọ náà kò ní ṣiṣẹ́.

Iná. Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ádápítọ̀ rẹ̀ ń gbé oríṣi iná méjì wá: 3.3 fóltì tó lè dé 2.7 ámpù, àti 12 fóltì tó lè dé 0.8 ámpù. Ẹ to bátìrì lithium 18650 méjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó rí 7.4 fóltì, tó máa dé 8.4 bí wọ́n bá kún. Bọ́ọ̀dù kékeré kan á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 3.3, òmíràn á gbé e sókè sí 12. Ẹ rí i pé irú tó ń tan-pa iná kíákíá (switching) lẹ rà. Irú tó kàn ń jó fóltì tó ṣẹ́ kù dànù á sọ ju ìdajì iná bátìrì yín di ooru lásán.

Kí wáyà kankan tó kan ẹ̀rọ náà, ẹ fi mítà yẹ bọ́ọ̀dù méjèèjì wò, kí ẹ yí wọn títí iye wọn á fi pé. Bí 7 fóltì bá wọ ojú 3.3, àwọn ṣíìpù ti lọ nìyẹn. Bátìrì náà ń fẹ́ bọ́ọ̀dù ààbò tó ń pa iná kí wọ́n tó gbẹ jù tàbí bí wáyà bá kanra, àti ṣájà tí wọ́n ṣe fún méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ má fi irin gbígbóná jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ara bátìrì ní tààrà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti lẹ páànù mọ́ lórí. Lithium tó gbóná jù tàbí tí nǹkan gún lè gbiná.

Ṣé á pẹ́? Bí ẹ bá fi méjì mìíràn tó tẹ̀ lé ara wọn kún méjì ti àkọ́kọ́, tí ẹ so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí fóltì má bàa yí padà, bátìrì 3000 mAh mẹ́rin ń gbé nǹkan bíi 44 wáàtì-wákàtí. Bí gbogbo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sikirínì bá ń jẹ wáàtì 12, tí ẹ yọ èyí tó máa ṣòfò, wákàtí mẹ́ta ni.

Sikirínì àti ohùn. Sikirínì 5 ínṣì tó ń gba àwòrán composite, irú èyí tí wọ́n ń fi wo ẹ̀yìn mọ́tò, ti tó. Ẹ jó wáyà àwòrán àti nẹ́gẹ́tíìfù láti ẹ̀yìn ibi tí okùn tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ kò lágbára tó láti mú sípíkà pariwo, nítorí náà ẹ fi amplifáyà kékeré sí àárín.

Páàdì. Èyí rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ: wáyà mẹ́ta péré ló so páàdì mọ́ ẹ̀rọ, ti 3.3 fóltì, ti nẹ́gẹ́tíìfù, àti èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹ fi ṣíìpù páàdì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fa wáyà láti ojú bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí ìka yín máa wà. Àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ inú Controller Pak, káàdì mẹ́mórì tó ń wọ ẹ̀yìn páàdì, nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ibi tí ẹ dé sí. Bí ẹ bá fẹ́ràn irú wọn, ẹ ronú àyè rẹ̀ báyìí.

Ihò kátíríìjì, ibi tí wọ́n ń ki géèmù bọ̀, ní ẹsẹ̀ 50. Bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ sí ipò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yí i sẹ́yìn, kí wáyà kúrú, kí gígùn wọn sì bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèmù á máa dákú.

Àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé e, kí ẹ dì í mú bíi pé ẹ ń gbá géèmù. Bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ 3D, ẹ má lo ike PLA, torí ní nǹkan bíi 60°C ló ti ń rọ̀. Ike ABS fara da á dé nǹkan bíi 100°C. Bí alumíníọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀ kò bá wọ àpótí náà, ẹ gé tuntun fún àwọn ṣíìpù, kí fáánù kékeré máa fa afẹ́fẹ́ gba orí rẹ̀, kí ihò àtiwọlé àti ihò àtijáde sì wà ní apá tó kọjú síra. Ẹ fi téèpù tí ooru kì í yọ́ bo gbogbo ibi tí lẹ́ẹ̀dì hàn sí.

Kí ẹ tó kan skúrù, ẹ fi téèpù pa àpótí náà dé kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bó bá dúró lójijì lẹ́yìn tó ti gbóná, ẹ wo ara àwọn ṣíìpù, bóyá alumíníọ́ọ̀mù ò kàn wọ́n dáadáa. Bó bá ń kú kó tó gbóná rárá, ẹ fi mítà wo 3.3 fóltì nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́: bó bá ń lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà yín tín-ín-rín jù.