Pákó Ìjókòó Ọkọ̀ Apẹja: Ẹ Dè É Kó Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin apẹja wa ní dáàmù Asa n'Ílọrin àti ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ pákó tá a fi ń jókòó nínú ọkọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni. Mo wà létí omi lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan dìde kó ju àwọ̀n, ó fẹsẹ̀ tẹ etí pákó, etí kejì gbéra sókè, àfi gbàà nínú omi! Pákó yẹn ò jẹrà o, kò sì dá, wọn ò kàn dè é mọ́lẹ̀ ni.

Pákó tó ṣeé yọ dáa, torí a máa ń yọ ọ́ ká lè gbọ́n omi ká sì ráyè kó àwọ̀n sí. Àmọ́ ó lè yọ̀ síwásẹ́yìn, ó lè sún sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè gbéra sókè, ti gbígbéra yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í rántí.

Igi gbọọrọ tí pákó gbórí lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tíyẹn bá ti ń mì, asán ni gbogbo ìdè tó kù. Kí káfíńtà kan igi kékeré méjì sórí ẹ̀ kí pákó bọ́ sáàárín wọn, kó tún kan ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ pákó lápá méjèèjì kó má lè sún. Ẹ fi àyè bíi mílímítà 3 sílẹ̀ o, torí pákó tẹ́ ẹ bá fún mọ́ra nígbà ọyẹ́, tójò bá dé tó wú, òòlù lẹ máa fi yọ ọ́.

Kó má bàa gbéra, ẹ fi bóòtì (irin tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè) kan sí etí kọ̀ọ̀kan, kó gba pákó àti igi gbọọrọ yẹn kọjá, pẹ̀lú wọ́ṣà tó fẹ̀ àti nọ́ọ̀tì elétí méjì tẹ́ ẹ lè fọwọ́ tú. Ìsàlẹ̀ ni kí nọ́ọ̀tì wà, kí orí bóòtì sì wọnú pákó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀n yín máa kọ́ ọ, á ya. Ẹ má lu ihò sára ọkọ̀ fúnra ẹ̀ rárá! Ẹ kun ọ̀dà sínú ihò tí bóòtì gbà kọjá, kẹ́ ẹ sì ra bóòtì tí kì í dípẹtà, torí èyí tó bá dípẹtà kò ní ṣeé tú mọ́.

Tówó ò bá sí, ẹ gé tíúbù táyà ọ̀kadà ní fífẹ̀ ìka méjì, kẹ́ ẹ gbà á yí pákó àti igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kó le dáadáa, kẹ́ ẹ ta á ní ojóbó kó lè yá tú. Oòrùn máa ń pa rọ́bà, tó bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọ omi, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì di etí pákó mú kẹ́ ẹ fà á sókè tagbára-tagbára. Tó bá mì, ẹ má lọ.

Ẹ má fi nǹkan gbé ìjókòó ga, ọkọ̀ tí ìjókòó ẹ̀ ga tètè ń dojú dé. Orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí láti ju àwọ̀n, kì í ṣorí pákó. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó tí mo ń rí táwọn kan ń fi ṣe tìmùtìmù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn.