Bí Àwọn Aṣojú Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Sọ Ohun Tó Dá Iṣẹ́ Dúró Kó sì Yé Ara Wọn

Aṣojú kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ìyẹn ètò kéékèèké tó ń dá ṣiṣẹ́ fún èèyàn, ló ń bá àwọn aládìrẹ tí mò ń kọ ètò fún ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀kan ń ka aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan dúró fún àwọn aláró, ẹ̀kẹrin ń wá ọkọ̀ tó máa kó ẹrù. Bí nǹkan bá ń lọ geere, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ tí aṣọ ò gbẹ lẹ ó mọ̀ bóyá ètò yín dáa.

Nínú ètò kan ṣoṣo, try àti catch, àwọn àṣẹ tó ń mú àṣìṣe nínú kóòdù, ti tó, torí kóòdù tó figbe ta àti èyí tó gbọ́ ọ jọ wà pọ̀ ni. Aṣojú ò rí inú ara wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló so wọ́n pọ̀. FIPA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996 tó ṣètò bí aṣojú kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ti ya ìdáhùn sọ́tọ̀: refuse ni ti aṣojú tí kò ní ṣe é, failure ni ti èyí tó gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, not-understood ni ti èyí tí ọ̀rọ̀ ò yé. Failure gbọ́dọ̀ gbé ìdí dání. Inú ontology, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe tan mọ́ra, tí gbogbo wọn jọ ń lò ni ọ̀rọ̀ ìdí yẹn ti ń wá, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ ọ́.

Ẹ má tíì ṣí Protégé, ètò tí a fi ń kọ ontology. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló máa ń dá iṣẹ́ yín dúró?" Wọ́n á ní aṣọ ò gbẹ, aró ò mú, ẹ̀kọ ṣí kúrò lára aṣọ. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó wá tò ó ní OWL, èdè tí a fi ń kọ ontology: AsoKoGbe lábẹ́ IdiwoOjuojo, IdiwoOjuojo lábẹ́ Idiwo. Mi ò fi àmì sórí àwọn orúkọ yìí, torí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú "ẹ́" ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa ò ní rí ìyàtọ̀, àmọ́ aṣojú á kà á sí orúkọ méjì. Ẹ fi Yorùbá tó lámì sínú rdfs:label, àyè orúkọ tí èèyàn máa kà, kí ẹ kọ "yo", àmì èdè Yorùbá, tì í.

Títò yẹn ló mú kó sàn ju nọ́ńbà àṣìṣe lọ. Aṣojú ọkọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa àdìrẹ. Bó bá gba AsoKoGbe, yóò wo òkè, yóò rí IdiwoOjuojo, ó sì ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyẹn: ó sún ọjọ́ ọkọ̀ síwájú, kò fagi lé e.

Ohun mẹ́ta ni kí Idiwo kọ̀ọ̀kan máa gbé dání: ṣé ó lè kọjá fúnra rẹ̀, ta ló lè tún un ṣe, kí ló ti parí kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fo. Aṣọ tó ti wọ aró kò ṣeé dá padà fún ẹni tó ta funfun, owó sì ti jáde. Àpẹẹrẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà nìyí:

failure
ontology: adire-2
idiwo: AsoKoGbe
leKoja: beeni
atunse: oju-ojo
tiPari: rire-saro

Aṣojú tó ti kú ò lè rán failure. Ẹ fi reply-by, àkókò tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé, sára gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá rán. Bí àkókò bá kọjá, kí ẹni tó rán an fúnra rẹ̀ kọ Idake, tí òun náà wà lábẹ́ Idiwo. Kó má kà á sí refuse, torí iṣẹ́ lè ti parí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Kó béèrè ipò iṣẹ́ kó tó rán ẹlòmíì.

Kí oníbàárà kankan tó fọwọ́ kàn án, ẹ pa aṣojú kọ̀ọ̀kan nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ wo lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ṣe, ti àwọn yòókù. Bí ọ̀kan bá rán iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìbéèrè ohun tó ti parí, ẹ padà sídìí tiPari.