Ọ̀rá tí mo fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe

Ọ̀rá tí mo lè dá padà sínú ìkòkò bó bá ya ni mò ń wá. Kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n bá ní ó ń jẹrà ló ń jẹrà lórí ààtàn wa. PLA, irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, pàápàá ń fẹ́ ooru bíi 60°C kó tó jẹrà kíákíá. Nínú ìlànà 12 tí Paul Anastas àti John Warner gbé jáde ní 1998 fún kẹ́mísírì tí kì í ba àyíká jẹ́, ìkẹwàá ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: látìgbà tí a bá ti ń ṣe nǹkan ni ká ti ro ibi tó máa parí sí.

Ṣíbí ìjẹun kan sítáàṣì ẹ̀gẹ́, mẹ́rin omi, lẹ́yìn náà ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan fínígà àti glisaríìnì. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kó má baà ṣe kókó. Iná wẹ́rẹ́ ni mo gbé e kà, mo sì ń rò ó láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ti ro láfún rí á mọ ìgbà tó ń yí padà: ó funfun tẹ́lẹ̀, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó ń dán.

Àwọn okùn tín-ín-tín tójú ò lè rí ló para pọ̀ di sítáàṣì: òmíràn gùn gbọọrọ, òmíràn yọ ẹ̀ka. Fínígà ń gé díẹ̀ lára ẹ̀ka yẹn kí wọ́n lè tò pọ̀ dáadáa. Glisaríìnì ń wọ àárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lára wọn. Láìsí i, ọ̀rá náà á kàn máa kán ni. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tíréè, mo sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Oòrùn gangan á mú kó ká kò.

Ó gba ẹ̀pà, ó gba ẹ̀wà, àmọ́ omi ń mú kó rọ̀. Àwọn kan á ní ká fi ọ̀rá lásán bò ó. Èmi ò fara mọ́ ọn: bí méjèèjì bá ti lẹ̀ mọ́ra, ta ló máa yà wọ́n?

Mo gé èyí tó ya sí wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo tún gbé e kaná. Ó dì, ṣùgbọ́n ó ní kókó, torí okùn gbọọrọ wọ̀nyẹn ti di ara wọn mú pinpin nígbà tó gbẹ, omi híhó lásán ò sì tú wọn tán. Pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù tó ń gbóná ju 100°C lọ ló kàn.