Bí a ṣe ń dáhùn nígbà tí ìjọba bá fẹ́ pààlà sójú ọ̀sà

Ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí mo dàgbà sí, kò sí pátákó kankan lójú omi, síbẹ̀ gbogbo apẹja ló mọ ibi tí àkájà Lágbájá, ìyẹn igi tó rì sómi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀, parí sí àti ibi tí ti Tàmẹ̀dò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ya máàpù ní ọ́fíìsì ò mọ̀ ọ́n. Omi gbalasa ni wọ́n ń rí, bíi pé kò ní ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé á kàn dé lọ́jọ́ kan pé wọ́n fẹ́ sọ apá kan ọ̀sà di agbègbè ààbò, pé ẹnikẹ́ni ò ní pẹja níbẹ̀ mọ́, tàbí pé ìwọ̀nba ni wọn ó máa pa.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Montreal, ní Kánádà, fẹnu kò pé tó bá fi máa di ọdún 2030, kí ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ àti omi ayé ti wà lábẹ́ ààbò. Àfojúsùn kẹta ni wọ́n pè é. Ohun tí àwọn tó ń gbé máàpù kiri kì í sábà kà síta ni pé inú àfojúsùn kẹta yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ará agbègbè. Ẹ fi ìyẹn sápò. Ẹ máa nílò rẹ̀.

Ẹ gba ìwé náà gan-an, kì í ṣe ìròyìn rẹ̀

Ẹ má pe ìpàdé lórí àgbọ́sọ. Ẹ kọ̀wé béèrè àbá náà pẹ̀lú máàpù rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ẹ ò sì nílò láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Nígbà tí ìwé bá dé, ẹ wá ìdáhùn sí nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀: Ibo gan-an ni ààlà náà gbà? Òfin wo ni wọ́n gùn lé? Ṣé gbogbo ọdún ni wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa ni, àbí ìgbà tí ẹja ń yé? Ṣé ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sọ́jà lè gba ibẹ̀ kọjá? Ta ni yóò máa mú èèyàn, èló sì ni owó ìtanràn? Ọdún mélòó ni wọn ó lò kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò? Èyí tí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí, òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé lọ sípàdé.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé orúkọ

Mo wà níbi ìpàdé kan rí tí àwọn àlejò gbé bisikíìtì àti mínírà wá. Wọ́n ní ká kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, ká fọwọ́ sí i, kí àwọn lè mọ iye èèyàn tó wá. A fọwọ́ sí i. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé yẹn kan náà ló wà lẹ́yìn àbọ̀ ìròyìn wọn, wọ́n ní òun ni ẹ̀rí pé àwọn aráàlú ti gbà. Bisikíìtì la gbà o. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi ni: “Mo wá sípàdé. N kò tíì fara mọ́ àbá kankan.” Ẹ kọ́ gbogbo ilé bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn àgbà tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ka. Kí ọmọ kan dúró tì wọ́n, kí ó bá wọn kọ ọ́.

Ẹ ya máàpù tiyín

Iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, níbí ló sì yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹni tó bá dé ìpàdé láìní máàpù, orí máàpù ẹlòmíì ni yóò ti máa jà.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ nílé. Ẹ tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀, kí àwọn àgbà fi ẹ́ẹ̀dú ya etíkun, ẹnu odò, ibi tí koríko pọ̀ sí, ojú ọ̀nà ọkọ̀, ibi tí a ń dẹ ìgèrè, ibi tí a ń rì igi àkájà sí, ibi tí ẹja ń yé sí, àti ibi tí a kì í wọ̀ rárá nítorí òrìṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Inú iyàn yẹn ni òótọ́ ti ń jáde. Ẹ pe àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Ìjọ́ tí wọ́n jọ ń bá yín pẹja, bí wọn ò tilẹ̀ ní ilẹ̀ nílùú. Tí ẹ bá yọ wọ́n sílẹ̀, ẹlòmíì á lò wọ́n láti fi ta kò yín.

Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ kan jáde pẹ̀lú àgbà méjì tó mọ ibi gbogbo àti ọ̀dọ́ kan tó ní fóònù. Ẹ ti gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù láti ilé, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín ọ̀sà. GPS fóònù, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi tí èèyàn wà, kò nílò dátà. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba àmì. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ tẹ ojú ibi tí ẹ wà lórí Google Maps, kí ìka wà níbẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka sí ojú ibẹ̀ á jáde. Ẹ fi báírò kọ wọ́n sínú ìwé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ bí àwa fúnra wa ṣe ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù lè já sómi. Mo ti rí i.

Àwọn àgbà kan ò ní fẹ́ tú àṣírí ibi tí ọ̀bọ̀kún ń kó jọ sí. Wọ́n jàre. Ẹ má tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ ya àyíká tó fẹ̀ dáadáa yí i ká.

Máàpù méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 247 níbùú-lóròó lọ, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ò sì jìn tó mítà 3. Omi dídùn láti odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀nì ló ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà Èkó, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi iyọ̀ á máa tì wọlé láti òkun, ẹja á sì ṣí kúrò níbi tó wà lásìkò òjò. Ẹni tó bá wá yẹ omi wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù Kejì á ní ẹnikẹ́ni ò lo ibì kan tó jẹ́ pé oṣù Keje ni gbogbo wa ń wà níbẹ̀.

Ẹ wọn ohun tí omi ń mú wá

Ẹ yan ọkọ̀ bíi 12 tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra: ti àwọ̀n, ti ìwọ̀, ti ìgèrè, ti àkájà. Kí ọmọ iléèwé kan dúró létí omi pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kí ó kọ ọjọ́, irú ẹja, ìwọ̀n àti iye tí wọ́n tà á. Ká ní ọkọ̀ 12 ń jáde lọ́jọ́ 4 lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbé kílò 15 wálé: kílò 720 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Ọdún kan gbáko ló dáa kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí àyè ò bá sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sàn ju àròsọ lọ. Ẹ má bù ú kún o, ẹ má sì yọ ọjọ́ òfìfo kúrò. Ẹni tó bá rí ọjọ́ òfìfo nínú ìwé yín ló máa gba ìyókù gbọ́.

Ẹ má dá ìṣirò náà dúró sétí omi. Kí ẹja kan tó dé ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́yìn odi Ẹ̀pẹ́, ẹnìkan ti rà á lọ́wọ́ apẹja, ẹnìkan ti yan án lórí ààrò, ẹnìkan ti rù ú lọ sí Ọjà Olúwo. Obìnrin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kì í sì í sí nínú ìwé ẹgbẹ́ apẹja. Ẹ ka ààrò ilé kọ̀ọ̀kan. Ní Gáńbíà, àwọn obìnrin tó ń já ẹran inú ìkarahun lára gbòǹgbò igi ẹ̀gbà kó ara wọn jọ, nígbà tó sì di 2012, ìjọba fún wọn láṣẹ pé àwọn ló ni iṣẹ́ náà nínú ọgbà omi Tanbi, ìyẹn nínú agbègbè ààbò gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja

Tiyín ò gùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì oúnjẹ ẹja àti ọmọ ẹja, ẹ kọ iye kéèjì, ìyẹn àgò tí ẹ fi ń sin ẹja nínú omi, bí ó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tí ẹ da ẹja sí i. Ẹja á lo bí oṣù mẹ́fà kí ó tó tó tà, nítorí náà ẹ béèrè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ẹ ṣí kéèjì kúrò kí ẹ tó kó ẹja tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa bi yín léèrè oúnjẹ tó ń rì sísàlẹ̀ tó ń ba omi jẹ́, kí ẹ ti ní ìdáhùn lẹ́nu, nítorí òótọ́ ni pé ó ń bà á jẹ́. Àwọn tó ní kòtò ẹja lórí ilẹ̀ ní Odogunyan, ní Ìkòròdú, lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Omi tí wọ́n ń dà nù kì í dúró sójú kan.

“Rárá” nìkan ò tó

Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ààbò omi burú. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n da gàmàlíìnì, oògùn apakòkòrò, sómi, tí ọmọ ẹja wẹẹrẹ ń léfòó, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ààbò tó máa lé ọlọ́kọ̀ kékeré kúrò, tó máa fi ẹni tó ń wa iyanrìn sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti wa iyanrìn, ilẹ̀ ti jìn, omi ti dàrú, àkájà ò ṣe é ṣe mọ́. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti ọdún 1992 ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kíkún kí ẹnikẹ́ni tó wa iyanrìn níbi tó bá tó hẹ́kítà 50, kí wọ́n sì fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò yẹn nínú ìpàdé kan náà, kí gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àbá tiyín kalẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú ibi kan tí ẹja ń yé sí jáde, kí ẹ ní ibẹ̀ lẹ máa fi sílẹ̀, ní oṣù báyìí sí oṣù báyìí, àti pé àwọn ọmọ yín ni wọn ó máa ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìlú etí omi ló ti ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ omi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ààbò ni òun náà.

Kí àwọn èèyàn jọ dáhùn ti ṣiṣẹ́ níbòmíì. Ní 2018, Gánà fẹ́ dá iṣẹ́ ẹja pípa dúró fúngbà díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àwọn apẹja yarí, wọ́n sún un sí 2019. Ní Scotland, ìjọba gbé àbá jáde ní ìparí 2022 pé àwọn máa ti ìdá 10 òkun wọn pa mọ́ ẹja pípa àti ẹja sísìn. Àwọn ará erékùṣù, àgbẹ̀ ẹja àti ọlọ́kọ̀ jọ dáhùn, ìdáhùn tó wọlé lé ní 4,000, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà 2023, ìjọba pa àbá náà tì.

Lẹ́tà

Ojú ìwé méjì tó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Àwa tí a ń pẹja, tí a ń yan ẹja, tí a sì ń sin ẹja ní ìlú báyìí ti ka àbá yín ti ọjọ́ báyìí. A fara mọ́ èyí. A kò fara mọ́ èyí, nítorí báyìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí.” Ẹ so máàpù méjèèjì àti ìwé òṣùwọ̀n mọ́ ọn, kí Baálẹ̀, Ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́ apẹja àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́ fọwọ́ sí i.

Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí? Ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ka ẹja pípa ti ìpínlẹ̀, aṣòfin yín, àti Àbújá pẹ̀lú. Ẹ má fo Àbújá, nítorí ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ojú ọ̀nà omi inú ilẹ̀.

Ẹ̀dà méjì méjì ni kí ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ tó ní déètì sára èkejì, èyí ni ẹ máa gbé padà wálé. Tí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ ti lọ jẹun, ẹ jókòó dè é.