Ọ̀nà orí òkè: ẹ kọ́ omi ní ibi tí yóò gbà, kí ẹ tó pe àlejò

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú tó ní òkè àti omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Facebook. Àlejò á dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kan tó tán, ojú ọ̀nà á ti di kòtò, gbòǹgbò igi á ti yọ síta, àwọn èèyàn á sì máa yà gba inú igbó. Ọ̀nà kan á di mẹ́ta, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láwọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìpolówó lè dúró.

Ẹ lọ sí ààfin. Ẹ rí àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀ tí ọ̀nà yóò gbà kọjá, kí ẹ sì rí àwọn àwòrò bí wọ́n bá ń bọ omi náà. Kí wọ́n fi ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ dé hàn yín kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá.

Inú òjò ni ẹ ó ti lọ wo ọ̀nà. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ ó ṣe é. Ní oṣù Òwéwè tàbí Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ẹ kó èèkàn 40 dání. Ibi tí omi ti ń wọnú ọ̀nà, ẹ fi èèkàn tó ní àkísà pupa síbẹ̀. Ibi tó bá ti fúnra rẹ̀ jáde, àkísà funfun ni. Ẹni tó bá wo ọ̀nà ní oṣù Ṣẹrẹ nìkan kò tíì wo nǹkan kan. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ, á sì parí kí òjò oṣù Ẹrẹ́nà tó bẹ̀rẹ̀.

Díígà, ṣọ́bìrì, àdá àti irin gígùn tí wọ́n fi ń yí òkúta ti tó. Ẹ fi bárò sílẹ̀ nílé, kò lè gun òkè. Ẹ ki igi gígùn méjì bọ inú àpò ìrẹsì òfìfo méjì, ẹni méjì á gbé òkúta lórí rẹ̀ bí ẹni gbé aláìsàn. Ní ti wíwọn bí ọ̀nà ṣe tẹ́jú tàbí bó ṣe ń gun òkè sí, bíríkìlà á ní kí ẹ lo páìpù omi, ṣùgbọ́n nínú igbó, igi mẹ́ta ló yá jù. Ẹ so igi méjì tó ga tó èèyàn pọ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ wọn fi mítà 1 jìnnà síra, kí ẹ so ìkẹta dábùú wọn láàárín, kí ẹ wá fi okùn so òkúta kọ́ láti òkè. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sàmì síbi tí okùn bá kan igi ìdábùú. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ó tẹ́jú. Tí ẹ bá wá fi igi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sábẹ́ ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, tí okùn sì bọ́ sí àárín, ọ̀nà yín ń gun mítà 1 nínú mítà 10. Ẹ má jẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí òkè bá ti ga jù, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà lọ́ yí i ká.

Kí ojú ọ̀nà fi sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀ òkè nínú mítà kọ̀ọ̀kan ìbú rẹ̀. Ẹ já pọ́wọ̀tà kan dà sí ojú ọ̀nà. Bí omi náà bá gé ọ̀nà kọjá wọ inú koríko, ó dára. Bí ó bá tẹ̀ lé ọ̀nà bí ẹni ń lọ sọ́jà, ẹ tún un gbẹ́.

Òkúta ìdábùú, ìyẹn òkúta tí a tò dábùú ojú ọ̀nà, ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Iṣẹ́ òkúta yìí ni láti gba omi lójú ọ̀nà, kó sì dà á sígbó. Kì í ṣe láti dá omi dúró. Àwọn tó ń tò ó gbọnrangandan bí ìloro ilé, omi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, iyanrìn á kún ibẹ̀, òjò kejì á fò ó kọjá, á sì gbẹ́ kòtò sí ìdí rẹ̀. Ìgẹ̀rẹ́ ni kí ẹ gbé e: bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 1, kí ìpẹ̀kun kejì fi mítà 1 lójú ọ̀nà sún sí ìhà ìsàlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ yẹn ni omi ó ti jáde.

Ẹ ri òkúta mọ́lẹ̀. Èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí 20 wọlẹ̀, kí 10 yọ. Bí ọkùnrin kan bá gun orí rẹ̀ tó sì mì, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un rì. Ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30 wọnú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, torí bí omi bá rí àlàfo bí ìka ọwọ́, ibẹ̀ ló máa gbà. Òkúta kì í wọ́n wa: ti òkè tó lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yìí le, ó sì máa ń là pẹlẹbẹ. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀. Omi á wa abẹ́ rẹ̀, á sán, á sì máa yọ̀. Pákó náà kò dáa, oúnjẹ ikán ni.

Ẹ gbẹ́ ojú ìjáde omi, kó fẹ̀ tó ṣọ́bìrì méjì, kó sì gùn ju mítà 1 lọ wọnú igbó. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ewé á dí i, gbogbo iṣẹ́ á sì di òfo. Kí ẹnì kan máa kó o ní oṣooṣù ní ìgbà òjò, kí ẹ sì máa sanwó fún un. Ní ibi tó ga gan-an, ìṣísẹ̀ 10 sí 10 ni òkúta ìdábùú. Ibi tó rọjú, 20.

Nítòsí omi, kí àtẹ̀gùn ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ohun tútù tó ń yọ̀ lórí òkúta kí ọdún Kérésì àti Àjíǹde tó dé. Ẹ má da Hypo sí i, inú odò ìlú ló ń lọ.

Ìsàlẹ̀ nìkan ni kí agolo ìdọ̀tí wà. Èyí tó bá wà lókè á kún, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ ka ike àti náílọ̀nù tí àlejò gbé wọlé, ẹ gba owó ìdúró, kó padà gbà á bí iye rẹ̀ bá pé.

Àlejò 12 fún afinimọ̀nà kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí afinimọ̀nà mọ èyí dájú: oòrùn lè ràn nísàlẹ̀ kí òjò máa rọ̀ lókè. Bí omi bá pọ́n lójijì, tí ewé àti ẹ̀ka igi ń bá a bọ̀, kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n gun ìhà tí ọ̀nà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà lọ mú bàtà.

Nísinsìnyí, ẹ polówó. Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ipele 7. Bí tiyín bá ní 2 péré, 2 ni kí ẹ kọ. Ẹnubodè ni kí ẹ fi àmì Google Maps sí, kì í ṣe orí omi, kí mọ́tò má bàa wọ oko olóko. Ẹ kọ bí ìrìn ẹsẹ̀ ṣe gùn tó, irú bàtà tó yẹ, iye owó, àti pé bí òjò bá rọ̀, ẹ ó ti ẹnubodè.